Ojú-Ewé Tí Kò Sí Kí A Tó Béèrè Rẹ̀

Bí èsì ìdánwò JAMB bá ti jáde, àwọn ọmọ wa ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ níhìn-ín a máa wò ó lórí fóònù. Ọmọ kan yóò rí máàkì tirẹ̀, èkejì tí ó jókòó tì í yóò rí òmíràn, bẹ́ẹ̀ ni ibi kan náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni àwọn méjèèjì lọ. Báwo ni ó ṣe rí bẹ́ẹ̀?

Ẹ wo kàlẹ́ńdà ìjọ tí ó wà lára ògiri. Bí a ti tẹ̀ ẹ́ ni gbogbo wa ń rí i. Àwọn ojú-ewé kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì dà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ti èsì ìdánwò dà bí iṣẹ́ akọ̀wé ìjọ. Bí ẹ bá béèrè ìwé-ẹ̀rí ìrìbọmi, yóò gba orúkọ yín, yóò wá fáìlì yín jáde, yóò sì da ohun tí ó bá níbẹ̀ kọ sínú fọ́ọ̀mù tí a ti tẹ̀ sílẹ̀. Bákan náà ni kọ̀ǹpútà JAMB ń ṣe: ó gba nọ́ńbà ọmọ, ó wá a nínú àkọsílẹ̀, ó kó máàkì rẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù òfìfo, ó sì fi ránṣẹ́ sí fóònù. Kí ọmọ tó béèrè, ojú-ewé náà kò sí.

Nítorí náà, bí fáìlì bá ní àṣìṣe, ìwé tí ó mọ́ tónítóní ni yóò gbé àṣìṣe náà jáde. Èyí ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2025. Àtúnṣe kan tí ó yẹ kí wọ́n ṣe kò dé orí àwọn kọ̀ǹpútà tí ń ṣiṣẹ́ fún Èkó àti ìpínlẹ̀ márùn-ún ilẹ̀ Ìgbò, máàkì ọ̀pọ̀ ọmọ sì lọ sílẹ̀ láìtọ́. Ní ọjọ́ 14 oṣù Karùn-ún, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Oloyede, ọ̀gá àgbà JAMB, fi omijé tọrọ àforíjì. Ọmọ 379,997 ní ibùdó 157 ni wọ́n ní kí ó tún ìdánwò náà ṣe.

Ẹ rò ó wò: mélòó nínú wọn ni a ti pè ní ọ̀lẹ nílé kí ọjọ́ náà tó pé?

Bí máàkì ọmọ yín bá yà yín lẹ́nu, ẹ má yára gbé pàṣán. Ẹ jókòó tì í, ẹ bi í bí ìdánwò náà ti lọ. Ẹ wo iṣẹ́ rẹ̀ ní ilé-ìwé, ẹ bi àwọn tí wọ́n jọ ṣe é ní ibùdó kan náà. Bí ó bá rú yín lójú, ẹ kọ̀wé sí JAMB. Agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ojú-ewé ti sọ tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọmọ náà sọ tirẹ̀.