Ẹ Wo Táyà Kí Ẹ Tó Gbé Píkọ́ọ̀pù Sókè

Lẹ́tà tó wọlé lọ́tẹ̀ yìí, Ayétòrò ló ti wá. Bàbá kan tó ń kó gbágùúdá àti iṣu láti oko wá sọ́jà ló kọ ọ́. Wọ́n ní bí òjò bá ti rọ̀, ìdí píkọ́ọ̀pù àwọn a máa họ ilẹ̀ lójú ọ̀nà oko. Ọmọ wẹ́dà kan ládùúgbò wá sọ fún wọn pé kí wọ́n mú owó díẹ̀ wá, òun á jó irin sábẹ́ rẹ̀, òun á gbé e ga bíi ti inú fíìmù. Bàbá ní kí a gba àwọn nímọ̀ràn, pé owó tó wà lọ́wọ́ kò pọ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni àwọn sì lè ná an.

Bàbá, ẹ ṣé tí ẹ béèrè kí wẹ́dà tó tan iná.

Ẹni tí kò mọ ilẹ̀ Yewa ló máa rò pé fáàrí ni èèyàn ń fi ọkọ̀ gíga ṣe níbí. Láti ìgbà tí iléeṣẹ́ sìmẹ́ǹtì Dangote ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbèṣè lọ́dún 2012, àwọn tírélà ńlá ń bá wa du ojú títì. Èyí tún kéré. Ẹ bọ́ sí apá Ọ̀họ̀rí, níbi tí ilẹ̀ dúdú wà. Lọ́gbẹlẹ̀, ilẹ̀ yẹn á sán, á la ẹnu, ẹsẹ̀ èèyàn lè há sí i. Bí òjò bá dé, á di amọ̀ tó ń lẹ̀ mọ́ táyà bí ẹ̀bà tí kò jinná. Amọ̀ yìí kò mọ ẹnubodè o, ó kọjá lọ sí Bẹ̀nẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pè é ní Lama, orúkọ tí wọ́n mú nínú èdè Potogí, ẹrẹ̀ náà ló túmọ̀ sí.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ wá rèé. Bí píkọ́ọ̀pù bá ń họ ilẹ̀, kí ló ń họ ọ́ gan-an? Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, dífù ni, irin ríbítí tó wà láàárín áàsù ẹ̀yìn. Áàsù yẹn kò sì sí lórí sípíríǹgì, abẹ́ rẹ̀ ló wà. Bí wẹ́dà bá ki irin sáàárín áàsù àti sípíríǹgì, bódì ọkọ̀ á gòkè, ẹrù á gòkè, ẹ̀yin náà á gòkè lórí ìjókòó. Dífù ńkọ́? Á dúró síbi tó wà láàárọ̀. Táyà nìkan ló lè gbé dífù kúrò nílẹ̀. Ohun tí gbígbé ọkọ̀ ga wà fún ni kí àyè lè wà fún táyà tó tóbi, kó má máa ha bódì.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ìṣirò ilé ìwé girama ni, kò gba dígírì. Ẹ wo ara ẹ̀gbẹ́ táyà yín. Ká ní 225/70R15 ni wọ́n kọ síbẹ̀. 225 ni fífẹ̀ rẹ̀ ní mìlímítà. 70 ń sọ pé gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún fífẹ̀ yẹn. 15 ni rímù, ínṣì ni wọ́n fi ń wọn ìyẹn. Bí ẹ bá ro ó pọ̀, láti ilẹ̀ dé orí táyà jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 69.6. Bí ẹ bá fi 235/75R15 sórí rímù kan náà, ó di nǹkan bíi 73.4. Ìdajì ìyàtọ̀ yẹn wà lókè áàsù, ìdajì tó kù ló wà nísàlẹ̀, nítorí náà sẹ̀ǹtímítà 1.9 péré ni dífù fi gòkè. Kò tó ínṣì kan! Táyà onínṣì 31 tí àwọn ọ̀dọ́ ń pariwo rẹ̀ ńkọ́? Bíi sẹ̀ǹtímítà 4.5 ni tiẹ̀. Ó pọ̀ díẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìyẹn á há mọ́ bódì tí ẹ bá ṣẹ́ kọ̀ǹgọ̀, á mú kí ẹ́ńjìnnì máa mí hẹlẹ-hẹlẹ lórí òkè, búréèkì á sì ní iṣẹ́ púpọ̀ láti dá a dúró. Kódà 235 tí mo fi ṣe àpẹẹrẹ yẹn, bí aago ọkọ̀ yín bá sọ pé 100 lẹ ń sá, 105 lẹ ń sá.

Tèmi ni pé kí Bàbá fi mọ sí táyà tó fi ìwọ̀n kan ju ti àtijọ́ lọ. Bí wọ́n bá sì máa gbé ọkọ̀ ga rárá, kó má ju ínṣì méjì lọ.

Báwo la ṣe ń gbé e láì jẹ gbèsè? Ẹ kọ́kọ́ wo sípíríǹgì ẹ̀yìn, àwọn irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tò léra wọn. Ọkọ̀ tó ti ru iṣu fún ọdún mẹ́wàá, sípíríǹgì rẹ̀ á ti tẹ́, gíga tí ẹ ń wá kiri lè jẹ́ èyí tí ẹ ti ní tẹ́lẹ̀ tó sọnù. Ẹ pààrọ̀ irin tó ti kú, tàbí kí ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọṣẹ́ tún un tẹ̀ ní tútù. Bó bá gbé iná gáàsì jáde pé òun fẹ́ fi rọ̀ ọ́, ẹ gba sípíríǹgì yín kí ẹ máa lọ, torí iná ń pa agbára irin yẹn, kò ní pẹ́ tẹ́ padà. Ẹ tún lè fi irin pẹlẹbẹ kan kún un. Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ẹrù ò sí, ìbàdí yín á sọ fún yín. Àwọn kan ń fi irin tó gùn ju ti tẹ́lẹ̀ so ìdí sípíríǹgì mọ́ ṣáàsí. Ẹ rántí pé bí irin yẹn bá fi ínṣì méjì gùn sí i, ínṣì kan ni ọkọ̀ máa rí. Bùlọ́ọ̀kù irin tí wọ́n ń ki sórí áàsù náà wà. Bó bá jẹ́ òun ni, ẹyọ kan, ẹ̀yìn nìkan, pẹ̀lú yúbóòtù tuntun tó gùn tó. Kì í ṣe pákó, kì í ṣe méjì léra, iwájú kọ́ o!

Iwájú le díẹ̀. Ọ̀pọ̀ Hilux tó jáde ṣáájú 2005 ló ń lo ọ̀pá irin gbọọrọ tó ń lọ́ dípò sípíríǹgì róbótó. Bóòtù kan wà nídìí rẹ̀ tí mẹkáníìkì lè fi sípánà lọ̀ kí iwájú gòkè láì ra nǹkan kan. Ínṣì kan tó. Bí ẹ bá lọ̀ ọ́ jù, bọ́ọ̀jọ́ìntì ni ẹ máa fi ṣòfò. Ẹ gbé e lọ sí aláímẹ́ǹtì lọ́jọ́ náà gan-an, kó má baà fi ẹ̀gbẹ́ kan jẹ táyà tuntun.

Ká wá délé owó. Michelin kógbá wọlé ní Port Harcourt lọ́dún 2007, Dunlop náà dá ṣíṣe táyà dúró ní Ìkẹjà lọ́dún 2008, láti ìgbà yẹn ni táyà ti di ọjà òkè òkun, ẹ ò rí i bó ṣe ń ga? Ìdí nìyẹn tí ojú fi ń lọ sára tòkúnbọ̀, pàápàá níbi tí Ìdí-Ìrókò ò jìnnà sí. Ẹ gbọ́ o: táyà àlòkù fún píkọ́ọ̀pù wà lára ọjà tí Kọ́sítọ́ọ̀mù ní kò gbọdọ̀ wọ ilẹ̀ wa. Táyà tí ẹnì kan fi òru kó gba inú igbó wọlé, ta ni ẹ máa mú lọ́jọ́ tó bá bẹ́?

Ì báà jẹ́ tuntun, ẹ wá nọ́ńbà mẹ́rin tó tẹ̀lé DOT lára rẹ̀. 2319 túmọ̀ sí pé ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é, ó ti darúgbó nìyẹn bí wọ́n tilẹ̀ fi ọ̀dà dúdú kùn ún. Nọ́ńbà tí mo fẹ́ kí Bàbá fi ọ̀bẹ gbẹ́ sórí ògiri ni ti ẹrù. Táyà tí wọ́n kọ 112 sí lè ru kílò 1,120. Èyí tí wọ́n kọ 105 sí, 925 ni agbára rẹ̀. Ẹ lè rí 225/70R15 tó ní lẹ́tà C lẹ́yìn, tó jẹ́ 112, kí 235/75R15 tó ga jù ú lọ sì jẹ́ 105. Èyí tó tóbi lójú ni kò lágbára yẹn o! Ẹni tó ń ru iṣu kò gbọ́dọ̀ rà á.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù kò sí lórí táyà. Ẹ̀yin náà ń rí i lọ́jọ́ ọjà, àpò gbágùúdá á kún fọ́fọ́, àwọn ìyá wa á tún gun orí rẹ̀, ọmọ lẹ́yìn. Ọkọ̀ tó wà nílẹ̀ pàápàá ń yí bó bá ṣẹ́ kọ̀ǹgọ̀ lójijì. Bí ẹ bá wá gbé e ga sí i, ẹ bá mi sọ fún àwọn ìyá wa pé kí wọ́n wọ mọ́tò mìíràn. Mi ò bá yín dọ́gbọ́n lórí èyí.

Ọ̀rọ̀ fàyàwọ́ náà wà ńbẹ̀. Ojú ọ̀nà wa lojú Kọ́sítọ́ọ̀mù wà. Ìjọba ti ẹnubodè pa ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, oṣù kẹrin ọdún 2022 ni wọ́n tó ní kí ti Ìdí-Ìrókò ṣí. Ó ti ṣí lóòótọ́, ṣùgbọ́n píkọ́ọ̀pù tí ìdí rẹ̀ ga fíofío láìrẹrù, ẹni tó rí i á béèrè pé kí ni wọ́n ń fi rù lóru. Kí rìsíìtì sípíríǹgì àti ti táyà wà nínú ọkọ̀ pẹ̀lú ìwé rẹ̀.

Nítorí náà, Bàbá, sípíríǹgì tó ti tẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ fi owó tún ṣe. Lẹ́yìn náà, táyà mẹ́rin oní-C tó fi ìwọ̀n kan ga. Bó bá ń ha bódì ni kí ẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ínṣì kan tàbí méjì. Ẹ jẹ́ kí wẹ́dà lọ máa jó géètì. Bí owó bá ṣẹ́ kù, ẹ ra ìkarùn-ún tó bá àwọn mẹ́rin yẹn dọ́gba fún sípíà, kí ẹ sì wò ó bóyá ó wọ abẹ́ ìdí ọkọ̀ kí ẹ tó kúrò lọ́dọ̀ fọ́káníísà.