Ẹ Má Gba Súìṣì Lọ́wọ́ Àgbà

Ọ̀rọ̀ iná ni mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ àìsí iná, nítorí ìyẹn ti sú gbogbo wa í sọ. Iná tó wà nílé, tí onílé kò rí tàn, ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí.

Gílóòbù kan wà lóde báyìí tí àwọn ọlọ́jà ń pè ní smáàtì. Ẹni tó rà á lè jókòó sórí àga kí ó fi fóònù tan án, kí ó fi pa á, kí ó dín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kù, kí ó tilẹ̀ sọ ọ́ di pupa. Ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù pàápàá lè tan iná pálọ̀ ìyá rẹ̀ ní Ìbàdàn, bí íntánẹ́ẹ̀tì bá wà níhìn-ín àti lọ́hùn-ún. Philips gbé tiwọn tí wọ́n ń pè ní Hue jáde ní 2012, àwọn mìíràn tẹ̀lé e, títí ó fi di ohun tí àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun ń dì sínú ẹrù wá fún òbí wọn. Ohun rere ni. Èmi kì í ṣe ẹni tí ń bínú sí ohun tuntun. Ṣùgbọ́n ilé mẹ́ta ni mo ti dé láàárín ọdún kan, tí mo rí i pé gílóòbù tuntun àti súìṣì àtijọ́ kò gbọ́ èdè ara wọn, ará ilé ló sì ń jìyà rẹ̀.

Nílé ìyá kan tó ń ta aṣọ ni ó ti hàn sí mi jù lọ. Ọmọ rẹ̀ fi gílóòbù mẹ́jọ ránṣẹ́, oníṣẹ́ iná sì fi gbogbo rẹ̀ sójú àjà. Màmá ní tirẹ̀ ti ń pa súìṣì ògiri kí ó tó lọ sùn láti bí ogójì ọdún wá, ọwọ́ rẹ̀ kò sì lè ṣíwọ́. Bí ó bá ti pa á báyìí, ọmọ a tẹ fóònù títí lọ́hùn-ún, gílóòbù kò ní dáhùn. Ni ọmọ bá pè, ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kan súìṣì yẹn mọ́." Kò pẹ́, ó ní kí wọ́n fi sẹ́lótéèpù lẹ gbogbo súìṣì ilé pa. Láti ọjọ́ náà, bí Màmá bá fẹ́ dìde lóru, ó ní láti kọ́kọ́ wá fóònù, kí ó wá awò ojú, kí ó tún wá ibi tí àwòrán gílóòbù wà nínú fóònù náà. Bí dátà bá sì ti tán, ó di kí ó máa fọwọ́ wá ògiri. "Tíṣà," ni ó wí fún mi, "ẹ bá mi wò ó o. Gílóòbù olówó gọbọi mẹ́jọ ni mo ní, tọ́ọ̀ṣì ni mo ń tàn nínú ilé mi."

Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ẹni àádọ́rin ọdún tó ń tá ràrà nínú òkùnkùn lórí àtẹ̀gùn, ìṣubú kan ṣoṣo ti tó láti sọ ọ́ di ẹni orí ibùsùn.

Kí ló fà á? Súìṣì tí a mọ̀ kò mọ̀ ju iṣẹ́ kan lọ: onibodè ni. Ọ̀gbẹ́ni John Henry Holmes, ará Newcastle ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ṣe irú èyí tí ń já iná lójijì ní 1884, kí iná má baà máa ta pàrà láàárín irin méjì. Ìró "kọ̀" tí ẹ ń gbọ́ bí ẹ bá tẹ súìṣì, ara ọgbọ́n náà ni. Bí onibodè bá ti sé ọ̀nà, iná kankan kò ní kọjá. Gílóòbù lásán kò kọ ìyẹn. Ṣùgbọ́n gílóòbù smáàtì ní rédíò kékeré kan nínú, rédíò yìí sì gbọ́dọ̀ máa jẹun kí ó tó lè gbọ́ ohùn fóònù. Bí ẹ bá pa súìṣì, ẹ ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ ọ̀dọ̀ sẹ́yìn odi, ẹ sì tún ń pè é kí ó wá bu omi.

Àwọn ọmọ wa ń sọ pé àtúnṣe rẹ̀ ni kí àgbà gbàgbé súìṣì. Èmi kò fara mọ́ ọn. Ilé kì í ṣe ti ẹni tó ni fóònù nìkan. Àlejò tó wọlé lálẹ́ gbọ́dọ̀ lè tan iná, ọmọ ọdún mẹ́fà náà gbọ́dọ̀ lè tan án. Iná tuntun ló yẹ kí ó kọ́ láti gbọ́ ti súìṣì, ó sì ṣeé ṣe.

Ọ̀nà tí mo fẹ́ràn jù nìyí: ẹ fi gílóòbù LED lásán sílẹ̀ sójú àjà, kí ẹ fi ọgbọ́n náà sídìí súìṣì. Ẹ̀rọ kékeré kan wà, kò fi bẹ́ẹ̀ ju páálí ìṣáná lọ. Shelly àti Sonoff wà lára àwọn tó ń ṣe é. Wáyà láìfù àti wáyà niútírà a wọ inú rẹ̀, wáyà kan a ti inú rẹ̀ jáde lọ sí gílóòbù, a ó sì so súìṣì àtijọ́ mọ́ ojú tí wọ́n kọ S sí. Láti ìgbà náà, súìṣì kì í ṣe onibodè mọ́, ó ti di ìránṣẹ́. Bí Màmá bá tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ náà a gbọ́, a tan iná. Bí ọmọ bá tẹ fóònù ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ̀rọ kan náà a gbọ́, a pa á. Bí íntánẹ́ẹ̀tì bá sì kú fún oṣù kan gbáko, súìṣì ògiri yóò máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ẹ̀rọ yìí gba ọwọ́ méjèèjì. Ẹ̀yin oníṣòwò yóò sì fẹ́ mọ ti owó: pálọ̀ tí súìṣì kan ń tan gílóòbù mẹ́rin, ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló fẹ́, dípò gílóòbù smáàtì mẹ́rin. Òótọ́ ni pé kò lè sọ iná di pupa. Ta ló ń fi iná pupa ka ìwé?

Ohun kan yóò kọ́kọ́ ṣe àgbà ní kàyéfì. Lọ́nà tí wọ́n sábà ń gbà ṣètò rẹ̀, ìyípadà ni ẹ̀rọ ń gbọ́, kì í ṣe òkè tàbí ìsàlẹ̀, nítorí náà súìṣì lè wà lókè kí iná tàn, ó sì lè wà nísàlẹ̀ kí iná tàn. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, yóò mọ́ wọn lára.

Ẹ wá fara balẹ̀ ka èyí tó kàn, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀mí wà. Fídíò tí àwọn ọmọ ń wò láti Amẹ́ríkà yóò sọ pé kí ẹ ṣí ìdí súìṣì, kí ẹ mú niútírà tó wà níbẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwọn, òfin wáyà iná ti 2011 ló ní kí niútírà máa wà ní ọ̀pọ̀ ìdí súìṣì iná. Ní tiwa, ọwọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì la ti kọ́ wáyà ilé. Nínú àṣà wọn, ojú àjà ni niútírà ń dúró sí. Wáyà méjì péré ló ń sọ̀ kalẹ̀ wá sí ìdí súìṣì, láìfù tó ń mú iná bọ̀, àti èyí tó ń gbé iná náà lọ fún gílóòbù. Nínú ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́, ọ̀kan yóò pupa, èkejì yóò dúdú. Ẹni tó ti gbọ́ pé dúdú ni niútírà yóò nawọ́ mú un, yóò ní, "Òun rèé." Kì í ṣe òun o! Nígbà tí súìṣì bá wà ní títàn, iná fóltì 230 tó wà nínú pupa náà ló wà nínú dúdú yẹn, ó sì lè pa ènìyàn. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tún yí àwọ̀ padà ní 2004: pupa di búráùn, dúdú di búlúù. Ilé tí wọ́n tún wáyà apá kan rẹ̀ ṣe lè ní àwọ̀ tuntun àti ti àtijọ́ pa pọ̀ nínú ògiri kan náà. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má fi àwọ̀ mọ wáyà. Kí oníṣẹ́ iná fi ẹ̀rọ ìdánwò wò ó lọ́kọ̀ọ̀kan.

Kí ó tó fọwọ́ kàn án pàápàá, kí wọ́n ti pa iná láti orísun. Nínú ilé wa, orísun kì í ṣe ẹyọ kan. Ẹ lè já ti NEPA, kí ìnfátà sì gba iṣẹ́ lójú ẹsẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni, kí wáyà tí ẹ rò pé ó ti kú máa wò yín. Ẹ pa NEPA, ẹ pa ìnfátà, ẹ pa jẹnẹrétọ̀, lẹ́yìn náà ẹ tún dán an wò.

Bí niútírà kò bá sí nídìí súìṣì, a lè gbé ẹ̀rọ náà lọ sójú àjà níbi tí gbogbo wáyà ti pàdé. Inú àpótí tó ní ìdérí ni kí ó wà, kí wáyà rẹ̀ dè dáadáa, kí ó má kàn sùn sórí igi àjà pẹ̀lú eruku àti ìtẹ́ eku. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Irú mìíràn tún wà tí kò fẹ́ niútírà rárá. Ṣe ni ó ń jẹ́ kí iná tín-ín-rín la inú gílóòbù kọjá kí òun lè rí nǹkan jẹ. Gílóòbù LED kò sábà fẹ́ràn èyí, a lè máa ṣẹ́jú tàbí kí ó máa tàn bàìbàì lẹ́yìn tí a ti pa á. Àwọn tó ń ṣe é a máa fi nǹkan kékeré kan sínú páálí tí a ó so mọ́ ẹ̀gbẹ́ gílóòbù láti mú ìyẹn kúrò. Kí oníṣẹ́ iná má sọ ọ́ nù pẹ̀lú páálí.

Ẹni tó ti ra gílóòbù smáàtì tirẹ̀ ńkọ́? Kò pọn dandan kí ó kó wọn dànù. Bọ́tìnnì kan wà tí a ń lẹ̀ mọ́ ògiri, kò ní wáyà, bátìrì pẹlẹbẹ bí owó ẹyọ ló ń lò. Ó ń bá gílóòbù sọ̀rọ̀ bí fóònù ti ń ṣe. A ó fi súìṣì àtijọ́ sílẹ̀ ní títàn, a ó fi ìdérí bò ó, a ó sì lẹ bọ́tìnnì náà sí ojú ibi tí ọwọ́ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni ti ilé iṣẹ́ EnOcean ní Jámánì, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2001: bọ́tìnnì tiwọn kò ní wáyà, kò ní bátìrì, agbára ìka tó tẹ̀ ẹ́ gan-an ló ń di iná tó fi ń ránṣẹ́. Mo sọ ọ́ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi, wọ́n ní àlọ́ ni mo ń pa. Àmọ́ bí ilé yín bá ní súìṣì tí a ń yí láti dín iná kù, ẹ yọ ọ́ kúrò, nítorí ó lè ba gílóòbù smáàtì jẹ́. Kí ẹni tí ọmọ rẹ̀ wà ní Amẹ́ríkà sì wo ara gílóòbù kí ó tó fi sí i: èyí tí wọ́n ṣe fún fóltì 120 kò ní pẹ́ kú lórí 230 tiwa.

Ó ku ọ̀rọ̀ NEPA. Mo mọ̀ pé a ti ní ECN ní 1950, ó di NEPA ní 1972, ó di PHCN ní 2005, wọ́n sì pín in tà ní 2013, síbẹ̀ orúkọ tí ọmọ àdúgbò ń pariwo bí iná bá dé kò yí padà. Bí iná bá lọ tó sì dé ní agogo méjì òru, ọ̀pọ̀ gílóòbù smáàtì yóò tàn yàà lẹ́ẹ̀kan náà, wọn a jí gbogbo ilé. Ètò kan wà nínú fóònù fún èyí, tí a fi ń sọ fún gílóòbù pé kí ó padà sí ipò tó wà kí iná tó lọ. Ẹ̀rọ ìdí súìṣì náà ní irú rẹ̀. Kí ẹni tó bá ń ṣètò rẹ̀ ṣe é lọ́jọ́ náà gan-an.

Ẹ tún ṣírò èyí. Gílóòbù smáàtì tí a fi fóònù pa kò sùn tán. Ó lè máa jẹ tó ìdajì wáàtì. Mẹ́wàá wọn jẹ́ wáàtì 5, èyí sì jẹ́ yúníìtì 3.6 lóṣù lórí mítà yín, láìtan iná kankan. Gílóòbù LED lásán ti wáàtì 9, tí a ń tàn fún wákàtí 5 lálaalẹ́, yúníìtì 1.35 péré ni yóò jẹ lóṣù.

Kí oníṣẹ́ iná tó gba owó rẹ̀ tán, ẹ ní kí ó pa Wi-Fi ilé. Lẹ́yìn náà, ẹ pe ẹni tó dàgbà jù àti ọmọ tó kéré jù nínú ilé, kí wọ́n lọ láti yàrá dé yàrá láìmú fóònù lọ́wọ́, kí wọ́n tẹ gbogbo súìṣì. Ẹ já iná láti mítà, ẹ tún dá a padà, kí ẹ wo gílóòbù tó bá tàn láìjẹ́ pé a rán an. Bí gbogbo rẹ̀ bá lọ dáadáa, ẹ san ìyókù owó rẹ̀ fún un.