Ẹni Tí Kò Mọ Ìṣirò, Kó Má Jókòó Ti Póòkà

Ọ̀rọ̀ kan ń bẹ nílẹ̀ tí a kò lè fi ewé bò mọ́. Ní ibùgbé akẹ́kọ̀ọ́ lónìí, bí iná bá kú tán lóru, ìmọ́lẹ̀ tí à ń rí lábẹ́ nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn kì í ṣe ti ìwé. Fóònù ni, póòkà orí íntánẹ́ẹ̀tì sì ni ọ̀pọ̀ ń ta lórí rẹ̀. Ní sáà tó kọjá, ọ̀kan nínú wa wá yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ kí ó lè forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò. Owó tí ìyá rẹ̀ fi ránṣẹ́ láti ilé ti wọ inú káàdì. A kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí kì í ṣe òun nìkan.

Àwọn kan nínú wa ní tẹ́tẹ́ ni tẹ́tẹ́ ń jẹ́, kí a má tilẹ̀ sọ ọ́ létí ọmọlúàbí. Àwọn mìíràn ní iṣẹ́ ọpọlọ ni, pé owó ń bẹ níbẹ̀. Ní tiwa, a gbà pé ọgbọ́n ń bẹ nínú póòkà, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú ọgbọ́n tí olùbẹ̀rẹ̀ ń rò. Ìṣirò ni, sùúrù sì ni. Ẹni tí kò ní méjèèjì, owó rẹ̀ ni àwọn yòókù ń pín.

Ẹ jẹ́ kí a fi ayò ọlọ́pọ́n ṣe àpẹẹrẹ. Ọmọ ayò 48 ló wà nínú ihò 12, gbangba sì ni gbogbo wọn wà. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà ló ń jẹ. Nínú póòkà tí wọ́n ń pè ní Texas Hold'em, káàdì 52 ni. Méjì ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ń gbà ní ìkọ̀kọ̀; márùn-ún ni a ó ṣí sí àárín fún gbogbo ènìyàn, mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, lẹ́yìn náà ẹyọ kan, lẹ́yìn náà ẹyọ kan. Ẹni tí káàdì márùn-ún rẹ̀ bá lágbára jù nínú méjèèje, tàbí ẹni tí gbogbo àwọn yòókù bá sá fún, ló ni owó àárín. Nítorí pé apá kan fara pamọ́, a kò lè kà á tán bí ayò. Ohun tí a lè ṣe ni kí a ṣírò bí nǹkan ti ṣeé ṣe tó.

Ẹ̀kọ́ kìn-ín-ní ni pé kí a mọ káàdì jù sílẹ̀. Ọ̀nà 1,326 ni káàdì méjì àkọ́kọ́ lè gbà wá. Ace méjì tí gbogbo ènìyàn ń lá àlá rẹ̀, ọ̀nà 6 péré ló ní, ìyẹn ẹ̀ẹ̀kan nínú ìgbà 221. Káàdì méjì tó bára mu, irú èyíkéyìí, ẹ̀ẹ̀kan nínú ìgbà 17 ni. Pàǹtí ni à ń rí lọ́pọ̀ ìgbà. Olùbẹ̀rẹ̀ tó gbọ́n a máa ju ó kéré tán mẹ́ta nínú mẹ́rin sílẹ̀. Èyí ni kì í dùn mọ́ ọ̀dọ́: ó fẹ́ ta, kò fẹ́ wòran.

Ẹ̀kọ́ kejì ni ibi tí a jókòó sí. Ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ẹni tí ó kan kẹ́yìn ti rí ohun tí gbogbo àwọn tó ṣáájú ṣe. Ẹni tí ó kọ́kọ́ kàn, inú òkùnkùn ló ti ń náwó. Káàdì tí a lè tà nígbà tí ó bá kàn wá kẹ́yìn, ó lè yẹ kí a jù ú nù nígbà tí àwa bá ṣáájú.

Ẹ̀kọ́ kẹta ni kí a mọ iye tí ìrètí tọ́ sí. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ₦1,000 wà láàárín, alátakò wá fi ₦500 kún un. A ní káàdì mẹ́rin tó jẹ́ irú kan náà, à ń retí ìkarùn-ún, ẹyọ kan ló sì kù láti ṣí. Nínú káàdì 46 tí a kò rí, 9 ló lè gbà wá. Bí a bá sanwó yìí nígbà 46, a ó jẹ ₦1,500 nígbà 9, ìyẹn ₦13,500. A ó sì pàdánù ₦500 nígbà 37, ìyẹn ₦18,500. Àdánù ₦5,000 nìyẹn, bí kò bá sí owó mìíràn tí a lè rí gbà lẹ́yìn náà. Síbẹ̀, ìgbà kan tí ó bọ́ sí i fún wa ni a ó máa ròyìn kiri ibùgbé.

Ẹ má sì gbàgbé onílé. Bí ènìyàn mẹ́fà bá gbé ₦2,000 kọ̀ọ̀kan wá, ₦12,000 ló wà lórí tábìlì. Bí onílé bá ń yọ ₦50 nínú ₦1,000 kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n sì ta irú rẹ̀ nígbà 30, ₦1,500 ti lọ. Àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wá ń jà sórí ₦10,500. Kì í ṣe alátakò nìkan ni a ó borí, a gbọ́dọ̀ borí onílé pẹ̀lú.

Àwọn ọ̀dọ́ a máa dárúkọ Chris Moneymaker, aṣírò-owó ará Tennessee, tí ó ti orí íntánẹ́ẹ̀tì wọ ìdíje World Series of Poker ní 2003, tí ó sì gba mílíọ̀nù dọ́là 2.5. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ènìyàn 839 ló wọ ìdíje náà. Ta ló ń dárúkọ àwọn yòókù? Kí ni a kò sọ nípa April 15, 2011, nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà ti ìlẹ̀kùn àwọn ilé póòkà ńlá orí íntánẹ́ẹ̀tì, tí Full Tilt kò sì ní owó tí yóò fi san ti àwọn oníbàárà rẹ̀? Ó di 2014 kí àwọn ará Amẹ́ríkà lára wọn tó bẹ̀rẹ̀ sí í rí owó wọn gbà. Ní 2019 pẹ̀lú, kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní Pluribus, tí Carnegie Mellon àti Facebook jọ ṣe, borí àwọn ògbóǹtarìgì. Ta ló mọ ẹni tó jókòó sí òdì kejì fóònù wa?

Ọ̀rọ̀ òfin náà ń bẹ. Ní November 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Nàìjíríà dá a pé àwọn ìpínlẹ̀ ló ni àṣẹ lórí ọ̀ràn tẹ́tẹ́. Àwa tí à ń kàwé ní ìpínlẹ̀ tí kì í ṣe tiwa, kí a má ṣe fi òfin ilé díwọ̀n òfin àjò.

Ìmọ̀ràn wa rèé. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ọ, kí ó wá sí iyàrá ẹgbẹ́ pẹ̀lú páálí káàdì kan àti ọmọ ayò. Ọmọ ayò ni a ó fi ṣe owó. Kí ó kọ gbogbo ọwọ́ tó ta sílẹ̀ fún sáà kan, kí ó sì ṣírò rẹ̀ láìtan ara rẹ̀ jẹ. Bí ìbínú bá dé, kí ó dìde. Ìbínú kò ṣe nǹkan fún ni, sùúrù ni baba ìwà. Ní ti owó ilé-ìwé àti owó oúnjẹ, kò sí ìṣirò kankan tó gbà wọ́n láàyè níbẹ̀.

Ẹgbẹ́ yá ọmọ wa yẹn lówó, ó sì ṣe ìdánwò rẹ̀. Ṣùgbọ́n àpò ẹgbẹ́ kì í ṣe òkun. Owó tí ìyá ń ta gàrí kó jọ, kò yẹ kí a máa fi kọ́ ìṣirò lọ́wọ́ àjèjì tí a kò rí ojú rẹ̀.