Abẹ́rẹ́ Ooru Ọkọ̀ Tí Kò Dúró Lójú Kan

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní: igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti í wò ó wá. Nínú ọkọ̀, abẹ́rẹ́ tí ó ń fi ooru ẹ́ńjìnnì hàn níwájú awakọ̀ ni òkèèrè náà. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní, a ti ṣètò abẹ́rẹ́ yìí kí ó dúró ní agbedeméjì, kí ó má sì mira nítorí ìyípadà kékeré. Nítorí náà, bí ó bá ń gòkè tí ó sì ń sọ̀kalẹ̀, kí ẹni tí ó ni ọkọ̀ má ṣe fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un.

Àwa fúnra wa ti jìyà ọ̀rọ̀ yìí rí. Ara ọkọ̀ wa a máa balẹ̀ bí a bá ń sáré lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Èkó, ṣùgbọ́n bí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ bá ti dá wa dúró, abẹ́rẹ́ a bẹ̀rẹ̀ sí gòkè. A mú un tọ mẹkáníìkì kan lọ. Kò bi wá léèrè ohunkóhun. Ó yọ tẹmọ́sítáàtì sọnù, ó sì gba owó rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, abẹ́rẹ́ a lọ sílẹ̀ jù nígbà tí a bá ń sáré, a sì tún gòkè bí a bá dúró: àrùn kan di méjì. Bàbá kan tí ó ti pẹ́ nínú iṣẹ́ náà ni ó bi wá pé, “Ọ̀gá mi, ìgbà wo gan-an ni ó máa ń gbóná?” Nígbà tí a dáhùn, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná, ó sì fi hàn wá pé fáànù rédíétọ̀ kò yí rárá. Wáyà rẹ̀ ni ó ti jó. Ó tún wáyà ṣe, ó fi tẹmọ́sítáàtì tuntun sí i, wàhálà sì tán. Owó wáyà náà kò tó ìdajì ohun tí a ti ná ṣáájú.

Ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ ni pé ìgbà tí abẹ́rẹ́ ń mira ni ó ń sọ ibi tí àrùn wà.

Èkíní, bí ó bá ń gòkè nígbà tí ọkọ̀ dúró, tí ó sì ń sọ̀kalẹ̀ nígbà tí atẹ́gùn bá ń fẹ́ sí i, ẹ wo fáànù, fíúsì àti wáyà rẹ̀.

Èkejì, bí ó bá ń gòkè lórí òkè tàbí nínú eré gígùn, ó lè jẹ́ pé ìpẹtà ti dí rédíétọ̀, tàbí kí páńpù omi má lágbára mọ́.

Ẹ̀kẹta, bí kò bá gbóná tó lójú ọ̀nà gbalasa, tẹmọ́sítáàtì ti há ní ṣíṣí, tàbí ẹnìkan ti yọ ọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti pa ọ̀nà omi dé títí ẹ́ńjìnnì yóò fi gbóná tó, kí ó tó ṣí i. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, èyí jẹ́ láàrin ìwọ̀n 82 sí 95 Sẹ́síọ́ọ̀sì.

Ẹ̀kẹrin, bí ó bá ń gòkè tí ó ń sọ̀ láìní ìdí, pàápàá lẹ́yìn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ omi sí i, omi ti dín tàbí afẹ́fẹ́ há sínú rẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún, bí ó bá fò dé òpin ní ìṣẹ́jú àáyá, ẹ fura sí wáyà tàbí sẹ́ńsọ̀, nítorí omi kì í gbóná ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ní àárọ̀, nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù, ẹ kọ́kọ́ wo omi rẹ̀. Bí ó bá ń dín lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ wá ibi tí ó ń jò. Bí ẹ kò bá rí i, ṣùgbọ́n tí èéfín funfun kò dẹ́kun, tàbí tí òróró ẹ́ńjìnnì dàbí tíì oní-mílíìkì, ẹ má ṣe wà á mọ́: ó ṣeé ṣe kí gásíkẹ́ẹ̀tì òkè ti jó. Kúláńtì tí a pò bí ìwé ara ike rẹ̀ ti wí ni kí ẹ máa lò, kì í ṣe omi kànga, nítorí omi kànga a máa mú ìpẹtà wá.

Bí abẹ́rẹ́ bá wọ ibi pupa, ẹ pa ẹ̀rọ amúlétutù, ẹ yà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, kí ẹ sì pa ẹ́ńjìnnì. A bẹ̀ yín, ẹ má ṣe ṣí ìdérí rédíétọ̀ nígbà tí ó gbóná. Ìdérí náà ni ó ń ká omi mọ́ kí ó lè gbóná ju ìwọ̀n 100 lọ láìhó. Bí ẹ bá ṣí i, yóò hó lẹ́ẹ̀kan náà, yóò sì tú sí yín lójú. Ẹ má sì ṣe da omi tútù lé ẹ́ńjìnnì gbígbóná, kí irin rẹ̀ má baà sán. Ẹ dúró títí ọwọ́ yóò fi lè gbà á mọ́ra.

Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Wáyà kékeré tí a kò tún ṣe lónìí lè sọ odidi ẹ́ńjìnnì, àti owó ilé-ìwé ọmọ tí ó wà nínú rẹ̀, di eérú lọ́la. Ẹ máa wo abẹ́rẹ́ yín.