Ohun-Èlò Ilé fún Ẹni tí ó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Dé Òkè-Òkun

Ó ṣòro lónìí láti rí àdúgbò kan ní Ilé-Ifẹ̀ tí kò ní ọmọ ní òkè-òkun. Bí ó ti rí ní Ìrẹmọ àti ní Mọ̀ọ́rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí ní Ìlódè. Nígbà tí ọ̀dọ́ kan bá ń lọ, àwọn ẹbí a péjọ, wọn a gbàdúrà fún un, wọn a sì gbà á ní ìmọ̀ràn. Wọn a ní kí ó ṣọ́ra fún òtútù, kí ó ṣọ́ra fún ẹgbẹ́ búburú, kí ó má sì gbàgbé ọmọ ẹni tí òun í ṣe. Ìmọ̀ràn rere ni gbogbo ìwọ̀nyí. Ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni bá a sọ̀rọ̀ nípa yàrá òfìfo tí yóò ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ ní ọjọ́ tí ó bá kọ́kọ́ gba ilé tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni inú yàrá òfìfo yìí ni gbèsè ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀dọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ní Ìlódè, ènìyàn kì í sábà dá nìkan kó ohun-èlò jọ sínú ilé rẹ̀. Bí ọmọkùnrin bá gba yàrá, ìyá rẹ̀ lè fún un ní ẹní àti ìkòkò, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lè fún un ní àga, káfíńtà àdúgbò sì lè kan tábìlì fún un kí ó máa san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láìsí èlé. Bí ọmọbìnrin bá ń lọ sí ilé ọkọ, ẹrù ìyàwó a bá a lọ. Ọwọ́ púpọ̀ ni ó ń kún ilé kan. Ní òkè-òkun, ọwọ́ kan ṣoṣo ni àlejò mú dé ibẹ̀. Oríṣi ilé méjì ni ó sì wà fún ayálégbé: èyí tí onílé ti kó ohun-èlò sí, tí owó rẹ̀ sábà máa ń ga jù, àti èyí tí ó ṣófo. Òfìfo yìí lè ju èyí tí ọmọ Ìlódè lè rò lọ. Ní ilẹ̀ Jámánì, ó wọ́pọ̀ kí ẹni tí ń kó jáde tú kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná, sítóòfù àti gílóòbù iná, kí ó sì kó wọn lọ sí ilé rẹ̀ titun. Ẹni tí ó gba ilé lẹ́yìn rẹ̀ a wọlé, a sì bá ògiri àti wáyà.

Síbẹ̀, òfìfo yàrá kò pa ẹnikẹ́ni lára tó ìtìjú tí ó ń tẹ̀lé e. Ọ̀dọ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé a lọ kí ará ìlú rẹ̀ tí ó ti lo ọdún méjìlá níbẹ̀. A bá àga onítìmùtìmù, kápẹ́ẹ̀tì tí ẹsẹ̀ ń rì sínú rẹ̀, àti tẹlifíṣọ̀n tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ògiri tán. Nígbà tí ó bá padà sí yàrá tirẹ̀, ojú a tì í. Kò rántí pé ọdún méjìlá ni ará ìlú rẹ̀ fi kó àwọn nǹkan wọ̀nyí jọ. Ó fẹ́ ní wọn ní ọjọ́ méjìlá. Ó tún mọ̀ pé àwọn tí ó wà ní ilé ń retí àwòrán. Báyìí ni ó ṣe ń ra àga nítorí bí yóò ti rí nínú àwòrán, tí kò sì bi ara rẹ̀ bóyá yóò ráyè jókòó lé e. Oníṣòwò kò sì ní kí ó mú gbogbo owó wá lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ti tán láti ta àwìn fún un.

Kí a gbà pé iye owó ohun-èlò náà jẹ́ £1,200, tí oníṣòwò sì ní kí ó máa san £65 lóṣooṣù fún ọdún méjì. Lójú ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́, £65 lè dà bí ohun kékeré. Ṣùgbọ́n bí ó bá ṣírò rẹ̀, yóò rí i pé ní oṣù 24 òun yóò ti san £1,560. £360 ti bá èlé lọ. Ní gbogbo àkókò náà, owó ilé kò ní dúró dè é, owó iná kò ní dúró, owó ọkọ̀ kò sì ní dúró. Ohun tí ó lè dúró ni owó tí ó ṣèlérí láti máa fi ránṣẹ́ sí Ìlódè fún ilé-ìwé àbúrò rẹ̀. Àga náà yóò tàn yanranyanran nínú àwòrán, àbúrò yóò sì jókòó sí ilé.

Ewu àwìn kì í ṣe ohun titun, kódà fún àwọn ọmọ onílẹ̀ níbẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà kan, tálákà lè ti san owó àga fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Bí ó bá kùnà láti san ìyókù, oníṣòwò a wá gbé àga náà lọ, owó tí a ti san a sì di òfò. Ellen Wilkinson, obìnrin kan nínú ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn, ni ó gbé àbá tí ó di òfin ní ọdún 1938 kalẹ̀. Òfin náà sọ pé bí ẹni tí ó ra irú ọjà bẹ́ẹ̀ bá ti san ìdá kan nínú ìdá mẹ́ta owó rẹ̀, a kò gbọ́dọ̀ gbà á padà lọ́wọ́ rẹ̀ láìjẹ́ pé ilé-ẹjọ́ pàṣẹ. Bí ọmọ onílẹ̀ bá nílò òfin kí ọwọ́ àwìn má ba à tẹ̀ ẹ́ pa, ó yẹ kí àlejò bẹ̀rù rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí ni kí ọ̀dọ́ náà wá ṣe? Kí ó ra àlòkù. Àwọn mìíràn a gbọ́ èyí, wọn a sì yínmú. Wọn a ní àwọn kò tìtorí pé àwọn fẹ́ lo ohun tí ẹlòmíràn ti lò rékọjá òkun. Ọ̀rọ̀ yìí yani lẹ́nu. Ní Ilé-Ifẹ̀, bí ènìyàn bá ra mọ́tò tòkunbọ̀, ẹbí a bá a yọ̀, ọ̀rẹ́ a sì kí i kú oríire. Kí ni tòkunbọ̀? Ohun tí ẹni kan ti lò ní òkè-òkun tí ó sì tà ni, tí ọkọ̀ ojú omi sì gbé wá sí Èkó. Bí mọ́tò tí ó ti òkun bọ̀ bá jẹ́ ohun ìyangàn ní Ìlódè, kí ni ó sọ tábìlì tí kò tíì kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù di ohun ìtìjú níbẹ̀? Ìyàtọ̀ tí ó wà ni pé ẹni tí ó rà á níbẹ̀ kò san owó ọkọ̀, kò sì san èrè àwọn alágbàtà.

Àwọn tí ó ṣáájú kò ní irú ìtìjú yìí láti fi ṣeré. Nígbà tí Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá Ẹgbẹ́ Akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1925, ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi orí lé jẹ́ ìṣòro ńlá. Ní ọdún 1933, ẹgbẹ́ náà ṣí ilé tí akẹ́kọ̀ọ́ lè máa gbé sí Camden. Lẹ́yìn èyí pàápàá, àwọn onílé kan ń lẹ ìwé mọ́ fèrèsé pé àwọn kò gba ènìyàn dúdú. Ọdún 1968 ni òfin tó ka irú ìwà bẹ́ẹ̀ léèwọ̀. Ẹni tí ó bá rí yàrá gbà nígbà náà ń dúpẹ́ pé òrùlé wà lórí òun.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn ti la àkókò ọ̀wọ́n kọjá. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, pákó wọ́n gógó, bọ́ǹbù sì ti ba ọ̀pọ̀ ilé jẹ́. Ní ọdún 1942, ìjọba wọn bẹ̀rẹ̀ ètò kan pé irú àga, tábìlì àti ibùsùn tí ìjọba bá fọwọ́ sí nìkan ni kí a máa kàn. Tọkọtaya titun àti àwọn tí bọ́ǹbù ba ilé wọn jẹ́ ni a ń gbà láyè láti rà wọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀. Kò sí ọ̀ṣọ́ lára wọn, ṣùgbọ́n a kàn wọ́n dáradára, àmì CC41 ni a sì fi ń dá wọn mọ̀. Ètò náà parí ní ọdún 1952; síbẹ̀, àwọn kan nínú àga wọ̀nyí ṣì wà títí di òní. Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí. Àga àtijọ́ tí a fi ojúlówó pákó kàn lè sàn ju àga titun lọ, pàápàá èyí tí a fi lẹ́búlẹ́bú pákó àti gọ́ọ̀mù tẹ̀ pọ̀, tí omi díẹ̀ yóò mú kí ó wú.

Ẹni tí ó bá ń wá àlòkù gbọ́dọ̀ mọ ìdí tí ó fi ń pọ̀, kí ó lè mọ ibi tí yóò wò. Ibùsùn àti tábìlì ń gba ààyè, ó sì ń ná ènìyàn ní owó láti gbé wọn kúrò. Nítorí náà, ní ọjọ́ tí ènìyàn bá ń kó ilé, iye owó wọn a wálẹ̀. Ẹlòmíràn a tilẹ̀ fi wọ́n tọrẹ. Ní Boston ní Amẹ́ríkà, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ sí, ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ni ọ̀pọ̀ àdéhùn ilé ń bẹ̀rẹ̀. Àga àti tábìlì a sì kún ẹ̀bá ọ̀nà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹgbẹ́ aláàánú ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ohun tí àwọn ènìyàn fi tọrẹ, kí wọ́n lè fi owó rẹ̀ ṣe iṣẹ́ àánú. Ẹgbẹ́ Oxfam ti ní irú rẹ̀ ní Broad Street ní ìlú Oxford láti ọdún 1948. Lónìí, àwọn ẹgbẹ́ mìíràn ní ṣọ́ọ̀bù tí ó wà fún àga àti ibùsùn. Ní irú ibẹ̀, olówó àti tálákà jọ ń wọlé, kò sì sí ẹni tí ń wo ẹni.

Òtítọ́ ni pé àlòkù ní ewu tirẹ̀, àwọn tí ń sọ bẹ́ẹ̀ kò purọ́. Ìdun lè fara pamọ́ sí ojú rírán fóòmù tí a bá lẹ́bàá ọ̀nà, kí ó sì wọ inú ilé gbogbo. Nítorí náà, fóòmù ni ohun tí ó yẹ kí a rà ní titun, bí ó ti wù kí owó kéré tó; igi ibùsùn lè jẹ́ àlòkù. Àga onítìmùtìmù náà ń fẹ́ àyẹ̀wò. Láti ọdún 1988 ni òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ní kí ohun tí a fi ṣe irú àga bẹ́ẹ̀ jẹ́ èyí tí iná kò ní tètè ràn mọ́. Bí kò bá sí àmì tí ó jẹ́rìí èyí lára àga, ṣọ́ọ̀bù aláàánú kì í gbà á. Ohun tí ń lo iná mànàmáná kò yẹ ní rírà láì kọ́kọ́ tàn án wò. Kí ẹni tí ń lọ sí Amẹ́ríkà má sì di ẹ̀rọ ìlọta tàbí áyọ́ọ̀nù láti ilé, nítorí iná ibẹ̀ jẹ́ 120 volt, ti Nàìjíríà sì jẹ́ 230. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ilé kò ní ṣiṣẹ́ bí ó ti yẹ níbẹ̀.

Bí a bá ti mọ ohun tí a óò rà àti ibi tí a óò ti rà á, ó ku ètò. Ibi tí ara yóò sùn sí ni àkọ́kọ́, pẹ̀lú kúbùsù tí ó nípọn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìkòkò kan, abọ́ kan àti ọ̀bẹ kan, nítorí ẹni tí kò lè se oúnjẹ fúnra rẹ̀ yóò máa ra oúnjẹ ní owó gọbọi. Ẹ̀kẹta ni tábìlì àti àga tí a óò fi kàwé. Lẹ́yìn mẹ́ta yìí, kí ó dúró ní oṣù kan tàbí méjì, kí ilé fúnra rẹ̀ sọ ohun tí ó kù. Kí ó sì wọn ẹnu ọ̀nà àti àtẹ̀gùn kí ó tó san owó ohunkóhun tí ó tóbi. Àga tí kò gba ẹnu ọ̀nà wọlé kì í ṣe ọ̀pọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀fẹ́ ni a fún ni. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.

Ohun kan ṣì wà tí ó yẹ kí ọmọ Ìlódè mú dání láti ilé. Ọwọ́ púpọ̀ tí ń kún ilé ní ilé lè wà ní òkè-òkun pẹ̀lú, bí a bá wá a. Ará ìlú tí ó lo ọdún méjìlá lè ní tábìlì tí kò lò mọ́ ní yàrá ẹ̀yìn, kí ó sì máa wá ẹni tí yóò gbé e. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń díbọ́n pé òun ti ní ohun gbogbo, ta ni yóò fi tábìlì lọ̀ ọ́? Ẹni tí ó bá fi ìrẹ̀lẹ̀ béèrè yóò rí gbà, ó sì ti jẹ gbèsè kan ṣoṣo tí ó dára: pé bí tirẹ̀ bá sunwọ̀n, kí òun náà gbé tábìlì yẹn fún ẹni tí ó bá dé lẹ́yìn òun. Irú gbèsè yìí kò ní èlé, kò sì ní dá àbúrò ẹnikẹ́ni dúró ní ilé-ìwé. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà. Díẹ̀díẹ̀ náà ni ilé ń kún.