Apẹ̀rẹ̀ Tòmátì àti Ìwé Nọ́ńbà

Lọ́sẹ̀ yìí, ẹ jẹ́ kí n mú yín dé Ketu, sí ilé àbúrò ìyá mi tí gbogbo ẹbí ń pè ní Bọ̀dá Tòmátì, nítorí pé òwò tòmátì ni wọ́n ń ṣe ní ọjà Mile 12 láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú.

Bọ̀dá ní ìwé kan. Kì í ṣe ìwé gbèsè àwọn oníbàárà. Nọ́ńbà lọ́tò ló kún inú rẹ̀, ti ọdún mẹ́fà gbáko. Wọn a máa kọ nọ́ńbà márùn-ún tó bá jáde sílẹ̀, wọn a sì fi bírò pupa sàmì sí èyí tí kò tíì jáde láti ọjọ́ pípẹ́. Wọn a ní, “Èyí ti jẹ gbèsè. Ó gbọ́dọ̀ san án lọ́sẹ̀ yìí.” Nígbà tí owó ìdánwò WAEC ọmọ wọn di àwátì ni ìyàwó wọn tẹ̀ mí láago.

Mo dé ibẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú. Kí n tó la ẹnu, Bọ̀dá ti bẹ̀rẹ̀: “Ìwọ tí o kàwé, jókòó. Mo rí i lórí fóònù pé àwọn òyìnbó kan ń ka káàdì, wọ́n sì ń jẹ owó ilé tẹ́tẹ́. Bí òyìnbó bá lè ka káàdì, kí ló dé tí èmi kò lè ka nọ́ńbà?”

Ìbéèrè náà kì í ṣe ti òmùgọ̀, n kò sì lè dáhùn rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Èdè Yorùbá ni mo kà ní yunifásítì, kì í ṣe ìṣirò. Mo fi ọ̀sẹ̀ kan wádìí kí n tó padà lọ.

Òótọ́ ni ohun tí Bọ̀dá rí. Ọ̀jọ̀gbọ́n ìṣirò kan ní Amẹ́ríkà, Edward Thorp, kọ ìwé kan ní 1962, Beat the Dealer, níbi tó ti fi hàn pé ẹni tó bá ń fọkàn ṣírò káàdì tó ti jáde nínú ayò blackjack lè borí ilé tẹ́tẹ́. Ìdí ni pé káàdì tó ti jáde kì í padà títí wọn yóò fi tún gbogbo rẹ̀ pò. Bí káàdì kékeré bá ti ń tán lọ, káàdì ńlá ló ń pọ̀ nínú ìyókù.

Ayò káàdì mìíràn wà tó ń jẹ́ baccarat. Apá méjì ló ń figagbága nínú rẹ̀, èèyàn sì lè fi owó lé e pé wọn yóò ta ọ̀mì. Mẹ́jọ ni wọ́n sábà máa ń san lórí ọ̀kan. Ṣùgbọ́n nínú ìgbà 100, bíi mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá ni ọ̀mì ń wáyé, nítorí náà bí 14 náírà nínú 100 ló ń ṣẹ́kù sọ́wọ́ ilé tẹ́tẹ́. Àwọn kan ń ka káàdì de ọ̀mì yìí. Àmọ́ káàdì 416 ni wọ́n sábà ń lò, àǹfààní gidi kì í sì í yọjú àfi bó bá kù díẹ̀ kí káàdì tán, nígbà tí wọ́n ti fẹ́ tún un pò. Thorp àti William Walden tẹ ìwádìí kan jáde ní 1966 lórí tẹ́tẹ́ kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ baccarat ní ìpínlẹ̀ Nevada, èyí tí kíkà lè borí. Nígbà tí Thorp ta á, tó sì ń jẹ, ńṣe ni wọ́n lé e nídìí tábìlì.

Lọ́jọ́ Àìkú kejì, mo bi Bọ̀dá pé, “Bí ẹ bá ṣí apẹ̀rẹ̀ tòmátì kan, tí ẹ ṣa èyí tó ti jẹrà kúrò, kí ló kù?”

“Èyí tó dára ni.”

“Bí ẹnìkan bá da èyí tó jẹrà padà, tó pò ó pọ̀, tó ní kí ẹ dijú mú ọ̀kan ńkọ́?”

Bọ̀dá dákẹ́. “A jẹ́ pé asán ni gbogbo ṣíṣà mi.”

Bí lọ́tò ṣe rí nìyẹn. Bọ́ọ̀lù 90 ni, márùn-ún ń jáde, gbogbo wọn a sì padà kí wọ́n tó fa òmíràn. Bọ́ọ̀lù 17 kò mọ̀ pé ó ti pẹ́ tí òun ti jáde kẹ́yìn. Kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè.

Mo ṣírò rẹ̀ sẹ́yìn ìwé wọn. Nọ́ńbà méjì-méjì tí èèyàn lè mú nínú 90 jẹ́ 4,005. Bí olówó kan bá fi 100 náírà ta ọ̀kọ̀ọ̀kan, 400,500 náírà ni yóò ná. Nọ́ńbà márùn-ún tó bá jáde yóò fún un ní méjì-méjì 10 péré. Níbi tí wọ́n bá ti ń san 240 lórí ọ̀kan, 240,000 náírà ni yóò gbà. Ó ra gbogbo èyí tó lè jẹ, síbẹ̀ ó pàdánù 160,500 náírà.

“Ṣùgbọ́n mo jẹ ẹ́ lóṣù méjì sẹ́yìn,” ni Bọ̀dá wí.

“Ẹ jẹ ẹ́ lóòótọ́. Èló ni ẹ ti san?”

Kò sí èyí nínú ìwé ọdún mẹ́fà náà. Ìyàwó wọn dìde, ó wọ yàrá lọ, ó sì gbé agolo mílíìkì kan jáde. Tíkẹ́ẹ̀tì lọ́tò oṣù mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, èyí tó ń kó jọ látinú àpò ṣòkòtò nígbà tó bá ń fọṣọ. A ro gbogbo rẹ̀ pọ̀: 87,400 náírà. Èyí tí wọ́n jẹ padà jẹ́ 24,000. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Bọ̀dá fúnra wọn tún un kà. Owó ìdánwò ọmọ wà nínú agolo náà, ó tún ṣẹ́kù.

N kò ní parọ́ fún yín pé wọ́n jáwọ́ lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n wọ́n fa ìlà sí ojú ewé tuntun, owó tó jáde lápá kan, owó tó wọlé lápá kejì, ìyàwó wọn ló sì ń tọ́jú ìwé náà báyìí. Wọ́n ti san ìdajì owó ìdánwò, èmi àti ìyá mi sì dá ìyókù.

Bí irú Bọ̀dá bá wà nílé yín, ẹ má ṣe bú u, ẹ má sì fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ jókòó tì í, kí ẹ jọ ka èyí tó ti lọ tí kò ní padà: owó inú àpò rẹ̀.

Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.