Ìlànà Ìtàn Àròsọ Kì Í Ṣe Aṣọ Ẹbí

Níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn ọ̀dọ́ òǹkọ̀wé lóde òní, ìlànà ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ fi lé akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́. Wọ́n á ní kó pín ìtàn sí ọ̀nà mẹ́ta, kó dá wàhálà sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, kó jẹ́ kó le dójú ẹ̀ láàárín, kó wá tú u ká nígbẹ̀yìn. Wọ́n á tún ní kó kọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ ní orí kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ ní ṣókí kó tó dá gbólóhùn àkọ́kọ́. Ìlànà yìí kò burú. Ohun tó burú ni pé wọ́n ń pín in bí aṣọ ẹbí, tí ẹni tí kò bá wọ̀ ọ́ á wá dà bí àlejò lóde. Bẹ́ẹ̀, ọ̀nà kan kò wọ ọjà, àwọn ìwé tí Yorùbá fi ń yangàn sì jẹ́rìí sí i.

Ní 1929, Isaac Babalọlá Thomas, olóòtú ìwé ìròyìn Akéde Èkó, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ lẹ́tà obìnrin kan tó pe ara rẹ̀ ní Sẹ̀gilọlá jáde. Obìnrin yìí ti dàgbà, àìsàn ti dá a dùbúlẹ̀, ó wá ń jẹ́wọ́ bó ṣe fi ẹwà ara rẹ̀ ṣe aṣẹ́wó nígboro Èkó nígbà èwe. Kò sí Sẹ̀gilọlá kankan níbì kan. Thomas ló ń kọ gbogbo rẹ̀, ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, títí wọ ọdún 1930 tó sọ ọ́ di ìwé. Àwọn onímọ̀ tó kà á sí ìtàn àròsọ àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá kò kéré.

Kí wá ni ìlànà Thomas? Ìwé ìròyìn fúnra rẹ̀ ni. Ẹni tí àìsàn ń bá jà kì í ròyìn létòlétò. Á sọ díẹ̀, á sunkún, á kìlọ̀ fún àwọn ọ̀dọ́bìnrin, á rántí orin tí wọ́n ń kọ nígbà tirẹ̀, á ní ó ti rẹ òun, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Níbi tí ojú ìwé bá ti kún ni Thomas ti lè dánu dúró, kò sì sí ẹni tó máa sọ pé ìtàn já. Ó ń dárúkọ àdúgbò Èkó tí àwọn òǹkàwé ń gbà kọjá lójoojúmọ́. Ìyẹn ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ gbà á gbọ́, tí wọ́n ń kọ lẹ́tà sí olóòtú nítorí obìnrin náà, tí a sì rí nínú wọn tó fi owó ránṣẹ́ sí i. Ká ní ẹnì kan ti fi dandan lé e pé kó kọ́kọ́ to gbogbo orí ìtàn náà sílẹ̀, àfàìmọ̀ kí àárẹ̀ ohùn Sẹ̀gilọlá, èyí tó jẹ́ ẹ̀mí ìwé náà, má ti sọnù.

Ọ̀nà mìíràn ni D. O. Fágúnwà gbà ní 1938 nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀. Ọdẹ kan tó ń jẹ́ Àkàrà-Oògùn ń sọ, ẹnì kan ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ọdẹ náà á dákẹ́, á tún padà wá lọ́jọ́ kejì, àwọn tó wá gbọ́ á ti pọ̀ ju ti àná lọ. Ìjókòó àwọn olùgbọ́ ló pín ìwé náà. Àwọn kan máa ń sọ pé ìtàn Fágúnwà kò so pọ̀ dáadáa, pé ìwàásù rẹ̀ pọ̀ jù. Ẹ̀sùn yẹn kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Lójú agbo ni ìtàn náà ti ń wáyé, ẹni tó bá sì ń sọ̀rọ̀ lójú agbo gbọ́dọ̀ yà bá àwọn èèyàn rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá gé ìmọ̀ràn àti àpọ́nlé kúrò níbẹ̀ nítorí kí ìtàn lè yára, Fágúnwà gan-an ló gé dànù.

Ṣùgbọ́n ẹ wo Ọládẹ̀jọ Òkédìjí. Nínú Àjà Ló Lẹrù ní 1969 àti Àgbàlagbà Akàn ní 1971, Lápàdé, ọlọ́pàá tó ti fiṣẹ́ sílẹ̀, ló ń tọpasẹ̀ àwọn ọ̀daràn. Irú ìtàn báyìí kò gba ká máa lọ, ká máa wò ó. Òǹkọ̀wé gbọ́dọ̀ ti mọ ẹni tó ṣiṣẹ́ ibi náà kó tó mọ ibi tí yóò fi ipasẹ̀ rẹ̀ sí. Ìlànà líle ló gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ là, òun náà ni ì bá sì pa Sẹ̀gilọlá.

Nígbà mìíràn pàápàá, ìlànà tó gbé òǹkọ̀wé débi iṣẹ́ kọ́ ló máa bá a parí rẹ̀. Ìran mẹ́ta ni Chinua Achebe kọ́kọ́ fẹ́ kó sínú ìwé kan ṣoṣo. Nígbà tó kọ ọ́ tán, ó rí i pé kò kún tó, ó sì tú u ká. Okonkwo gba ìwé tirẹ̀, Things Fall Apart, ní 1958. Obi ọmọ-ọmọ rẹ̀ gba No Longer at Ease ní 1960. Ìgboyà ńlá ni kéèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ tú iṣẹ́ tó ti fi òógùn ojú rẹ̀ ṣe.

Àwọn kan á ní bí a bá fi kálukú sílẹ̀ sí ọ̀nà tirẹ̀, ọ̀lẹ ni yóò pọ̀ jù. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń pe àìjókòó-ṣiṣẹ́ ní ọ̀nà tara ẹni. Amos Tutuola fèsì sí ìyẹn. Ìránṣẹ́ ni ní ilé-iṣẹ́ ìjọba l’Ékòó, ìwé tó kà nílé-ìwé kò pọ̀, inú àkókò tí iṣẹ́ kò sí ló sì ti kọ The Palm-Wine Drinkard. Nígbà tí ilé ìtẹ̀wé Faber tẹ̀ ẹ́ ní 1952, wọ́n fi àwòrán ojú ewé kan láti inú ìwé àfọwọ́kọ rẹ̀ sínú rẹ̀, pẹ̀lú àtúnṣe lórí rẹ̀. Ìtàn tó ń rìn bí ẹni tó ń lálàá ni, ṣùgbọ́n wọ́n ti gbé gbólóhùn rẹ̀ yẹ̀ wò kó tó dé ọwọ́ òǹkàwé.

Ohun tó yẹ kí olùkọ́ kọ́kọ́ bi akẹ́kọ̀ọ́ ni pé ta ló ń sọ ìtàn yìí, ta ló ń sọ ọ́ fún, kí sì ló dé tó fi jẹ́ pé òní ló ń sọ ọ́? Ọ̀dọ́ tó ń kọ ìtàn sórí fóònù, tó ń gbé e sórí WhatsApp ní díẹ̀díẹ̀, Thomas ló yẹ kó lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Èyí tó fẹ́ kọ ìtàn olè àti ọlọ́pàá, kó lọ tú Àjà Ló Lẹrù palẹ̀ orí kan sí ìkejì. Kí àwọn tó ń ṣètò ìdíje fún àwọn òǹkọ̀wé sì yé béèrè àkópọ̀ gbogbo orí ìwé kí wọ́n tó ka ohun tí òǹkọ̀wé kọ. Ogójì ojú ewé àkọ́kọ́ ni kí wọ́n gbà, kí wọ́n jókòó, kí wọ́n kà á.